Ọwọ́ Òsì Tí N Kò Na sí Bàbá Gàníyù

Orin kú mọ́ wa lọ́wọ́ lórí ìtàgé, níwájú àwọn aláṣẹ ìlú, nítorí pé mo kọ̀ láti na ọwọ́ òsì mi sí bàbá kan tó tó bí mi lọ́mọ. Iná kò lọ. Ẹnikẹ́ni kò ṣubú. Àwọn fáyólìn kàn ń dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pa àtùpà, èmi sì dúró gbagidi lórí àpótí olùdarí, ọwọ́ ọ̀tún mi lókè, ọwọ́ òsì mi lẹ̀ mọ́ itan mi.

Ọjọ́ Sátidé ni, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà ọyẹ́, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Paspanga, ní àárín ìlú Ouagadougou. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Nílé, iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò, mo sì ń darí àwọn akọrin ìjọ wa lọ́jọ́ ìsinmi. Ní Ouaga, ẹ̀yà ara moto, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà níbẹ̀, ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Gounghin. Ọdún kẹta mi ni ní ìlú náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sì máa darí ọ̀kẹ́sítírà níwájú èrò nìyẹn.

Gbogbo ẹni tó wà lórí ìtàgé ló mọ ohun tó wà nínú ewu. Ilé iṣẹ́ àṣà ìlú ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun èlò wa: fáyólìn, báàsì ńlá, ìwo, àní àga tí a jókòó lé. Wọ́n ti kọ̀wé sí wa pé àwọn gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà kò ní olùdarí mọ́, pé àwọn yóò wá fojú ara àwọn rí i, pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ohun èlò yóò padà sínú yàrá ìkẹ́rùsí. Aláṣẹ mẹ́ta ló jókòó ní ìlà iwájú. Èmi ni olùdarí tí wọ́n wá wò.

Iṣẹ́ ìròyìn kì í tán lára ẹni. Lẹ́yìn ọjọ́ náà mo lọ bá àwọn tó ṣojú wọn, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún mi láì fi nǹkan pamọ́.

Aminata, ọmọbìnrin tó ń ta fáyólìn ní iwájú ìtàgé, tó máa ń pè mí ní tantie, àǹtí lédè Faransé, ní: "Tantie, ojú yín ni mò ń wò. Mo ní, ah, tantie ti kú sí ìdúró. Igi tí mo fi ń fa okùn fáyólìn ti dé ìpẹ̀kun, kò sí ibi tí mo tún lè fà á lọ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Káyọ̀dé, tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ní: "Èmi rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Mo tiẹ̀ fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ló di ọwọ́ mi mú."

Kí ó tó lè yé ènìyàn bí ọwọ́ kan ṣe lè wúwo tó bẹ́ẹ̀, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù ní Ouaga ni moto. Kì í ṣe pé n kò rí moto rí. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá àgbà kan, ó wé gèlè, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ki fóònù bọ inú gèlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gun moto lọ láàárín ọgọ́rùn-ún moto mìíràn bí ẹni tó ń rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró sí etí títì títí iná fi yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò lè sọdá.

Èkejì ni ooru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ògiri yàrá gbóná débi pé ènìyàn kò lè fara tì í.

Ẹ̀kẹta ló pa mí lára jù. Ẹnu ni mo fi ń jẹun tẹ́lẹ̀. Mo wá dé ibi tí ẹnu mi kò wúlò fún nǹkan kan. Mòóré, èdè àwọn Mossi, ni àwọn oníbàárà ń sọ, tàbí Faransé tó ń sáré ju moto lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo tètè mọ̀ ni "barka", tí wọ́n fi ń dúpẹ́, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó bú mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin kan wá béèrè okùn bíréèkì, mo gbé dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe túmọ̀ rẹ̀, "Káyọ̀dé, àbúrò rẹ fẹ́ kí n máa wo ojú ara mi bí mo bá ń lọ kú."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ẹ̀yìn ibi tí a ń kó táyà sí, mo sunkún.

Màmá mi máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Mà."

"Kí lo jẹ?"

"Tô, Mà. Ó dà bí tùwó."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Bùọ̀dá, Mà."

"Yàtọ̀ sí bùọ̀dá rẹ ńkọ́?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Àbí nẹ́tíwọ̀kì ló lọ ni?"

"Òun ni, Mà."

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló gbé mi dé Paspanga. Mo lọ gbé kábúrétọ̀ fún oníbàárà kan tó ń tún moto ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, mo sì gbọ́ orin ọ̀kẹ́sítírà láti ojú fèrèsé. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Èmi fúnra mi ti máa ń fi í dí àlàfo lórí rédíò bí àlejò ètò bá pẹ́ dé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Mo yọjú. Ẹnìkan ń làágùn sórí báàsì. Ẹnìkan ń fi eyín há ètè. Ẹnìkan bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ka ìlù. Obìnrin kan ṣoṣo ló dúró níwájú wọn, kò mú ohun èlò kankan dání àfi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Òun nìkan ni kò pariwo nínú yàrá yẹn, òun sì ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù.

Madame Aïssata nìyẹn. Ọmọ Ouaga ni, ó kọ́ṣẹ́ olùdarí lókè òkun, ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé náà ní orin. Nígbà tí mo ti yọjú sí fèrèsé yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní kí n wọlé. Ó rọra bi mí, ní Faransé tó yé mi, ohun èlò tí mò ń lò. Mo ní n kò lo nǹkan kan, pé akọrin ni mò ń darí nílé. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó na igi náà sí mi.

Mo gun orí àpótí, mo gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sókè bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú akọrin wa. Ohùn kọ̀ọ̀kan tí mo bá fẹ́, mo fi ẹnu mi ju sí wọn. Madame pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Pa ẹnu rẹ dé. Bí o bá ń kọrin, ara rẹ lò ń gbọ́. Àwọn ni mo ní kí o gbọ́."

Ẹnu yà mí. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí láti ìgbà tí mo ti dé orí rédíò. Ìlú ti gba èdè mi tẹ́lẹ̀. Obìnrin yìí wá gba ohùn mi pẹ̀lú. Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ni aago. Ó ń ka àkókò, ó ń gbé wọn dúró. Ọwọ́ òsì ni ọ̀rọ̀. Òun ló ń pe ẹni tó kàn, òun ló ń ní kí wọ́n rọra." Fún ọdún kan gbáko, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ níwájú dígí. Bùọ̀dá Káyọ̀dé a máa kọjá, a ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wò ó o! Àbúrò mi ń lé eṣinṣin tí ẹlòmíì kò rí."

Lẹ́yìn náà, mo tún gun àpótí, mo pa ẹnu dé, mo yí ọwọ́ òsì díẹ̀, àwọn fáyólìn sì rọlẹ̀. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan. N kò gbọ́ Mòóré, Faransé mi kò yẹ ní gbígbọ́. Síbẹ̀ ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n gbọ́ ohun tí mo wí.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí Bàbá Gàníyù. Ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwo idẹ kan tó ká bí ìkarahun ìgbín. Lọ́jọ́ kejì mi níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sinmi, mo gbọ́ tó ń kùn sí ara rẹ̀: "Ẹsẹ̀ yìí á pa mí o." Yorùbá ni! Ìdùnnú náà kọ́kọ́ bá mi bí ìbẹ̀rù. Ibi tí mo wà gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí, lórí sìmẹ́ńtì. Gbogbo ẹgbẹ́ dìde láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Madame béèrè: "Kí ló já bọ́?"

Bàbá dáhùn ní Faransé: "Kò sí nǹkan tó já bọ́. Ọmọ mi ló ń kí mi."

Nàgó ni Bàbá, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin, ará Sakété ni, Mùsùlùmí sì ni. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Gounghin, kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ilé ìwé àwọn fadá ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin náà, ló ti kọ́ ìwo nínú fanfare, ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn ọmọ ilé ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wọlé, màá kúnlẹ̀ kí i kí n tó yọ nǹkan jáde nínú àpò. Nígbà tí Màmá tún béèrè ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo ní èsì láti fún un.

Aminata mú mi lọ sí Pissy lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń fọ́ òkúta pẹ̀lú òòlù ọwọ́. Mo dúró létí kòtò náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òòlù ń dún nísàlẹ̀, èéfín ń rú, kò sí òòlù kan tó bá èkejì mu. Mo bi Aminata bóyá ẹnìkan kì í pè wọ́n kí wọ́n jọ lù ú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìmọ̀kan. Ó ní, "Ta ló máa pè wọ́n, tantie? Kálukú ló ní òkúta tirẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Bí mo ṣe wà ní ìlú yìí nìyẹn kí n tó wọ yàrá orin: mo ní òkúta tèmi, mò ń fọ́ ọ. Ohun tí Madame fún mi ni ibi tí ẹnìkan ti ń dúró de ẹnìkan kí ó tó dún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn aláṣẹ tó wá, moto kan gbá Madame ní oríta. Wọ́n fi bándéèjì funfun di apá ọ̀tún rẹ̀ láti èjìká dé ìka. Àwọn aláṣẹ gbọ́, lẹ́tà sì dé. Madame jókòó níwájú wa pẹ̀lú apá funfun náà, ó ní, "Ìwọ ni." Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹlòmíì.

Orin tí a mú wà ní apá mẹ́ta. Ní apá kejì ibì kan wà tí àwọn fáyólìn máa ń di ohùn kan ṣoṣo mú láì jẹ́ kó bọ́. Ọwọ́ ọ̀tún olùdarí ló ń gbé wọn dúró sí i. Lórí ohùn yẹn ni ìwo máa ti wọlé, òun nìkan. Ọwọ́ òsì ló gbọ́dọ̀ pè é, nítorí ọwọ́ ọ̀tún kò ráàyè.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a dé ibẹ̀ nínú ìdánrawò, ọwọ́ òsì mi gbéra, ó dé àyà, ó padà sílẹ̀. Mo ti nà án sí Aminata, mo ti nà án sí onílù, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá Gàníyù! Ọwọ́ òsì kì í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kì í fún àgbà ní nǹkan, ká má tiẹ̀ wá sọ pé kí a fi pè é bí ẹni tó ń pe ajá. Mo tẹ orúnkún díẹ̀ dípò rẹ̀. Bàbá rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fun ìwo. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yẹn.

Madame ní, "Kí nìyẹn?"

"Ìkúnlẹ̀ ni, Madame. Àgbà ni wọ́n."

"Àwa Mossi náà mọ ọwọ́ òsì. Bí mo bá nà án sí bàbá mi nílé, ọjọ́ yẹn kò ní dára. Ṣùgbọ́n kò sí bàbá lórí àpótí yẹn, kò sí ọmọ. Orúnkún kì í ṣe ọwọ́. Lọ́jọ́ kan wọn ò ní rí i."

Mo ní, "D'accord, Madame," pé mo ti gbà. N kò sì yí padà. N kò bi Bàbá léèrè pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ náà, àwọn tó ṣètò gbọ̀ngàn fẹ́ bu iyì fún àwọn aláṣẹ. Dípò irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí mò ń gbé ìwé orin lé, wọ́n gbé tábìlì gíga tí wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ síwájú mi, wọ́n sì fi aṣọ òfì ilẹ̀ wọn, faso dan fani, bò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó lẹ́wà. Mo tiẹ̀ yìn wọ́n. Apá kìíní lọ geere. A wọ apá kejì, àwọn fáyólìn di ohùn wọn mú, mo tẹ orúnkún.

Ìwo kò dún.

Mo tún un tẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé aṣọ ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Bàbá ń wò mí, ìwo lẹ́nu, ojú rẹ̀ le. Láti àyà mi lọ sókè nìkan ló lè rí. Mo mọ ohun tó kù láti ṣe. Ọwọ́ náà kò gbéra. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ tẹ orí ba, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Fáyólìn kan dákẹ́, òmíràn tẹ̀lé e. Madame ní ìlà iwájú ń gbé apá òsì tirẹ̀ sókè, bí ẹni pé ó lè fi yá mi. Aminata ló dákẹ́ kẹ́yìn.

Nínú ìdákẹ́ yẹn ni Bàbá Gàníyù gbé ìwo kúrò lẹ́nu, tó pariwo ní Yorùbá:

"Ọmọ mi! Na ọwọ́ yẹn! Èmi ni mo ní kí o nà án!"

Gbọ̀ngàn mì. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n rò pé àgbàlagbà náà ń bú mi. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ohun tó wí. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún, àwọn fáyólìn tún bẹ̀rẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì. Mo na gbogbo rẹ̀, láti èjìká dé ìka, sí ọkùnrin tó tó bí mi, Bàbá Gàníyù sì fun ìwo. Ohùn tó jáde kò dà bí èyí tí mo gbọ́ nínú ìdánrawò rí. Kò yára, kò sì bínú. A parí orin náà láì tún dúró.

Nígbà tí èrò túká, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Dìde. Bí ọ̀gá wa ní Àjàṣẹ́ kò bá tíì pè ẹ́, tí o wá fun ìwo, ẹkún lo máa fun lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, n kò fun ìwo rí láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Ìwọ wá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi títí orin á fi kú?"

"Ọwọ́ òsì ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé òsì ni. Ta ló ni iyì tí ò ń dáàbò bò? Èmi kọ́? O ò bi mí. O dá a rò fún mi, bí ẹni pé mo ti kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ti rò pé ọ̀wọ̀ ni mo gbé bọ̀ láti ilé, ohun kan ṣoṣo tí ìlú yìí kò gbà lọ́wọ́ mi. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ fi í gba ìwo lẹ́nu ẹni tí mò ń bọ̀wọ̀ fún.

Mo sọ ọ́ fún Màmá lórí fóònù. Ó pariwo: "O na òsì sí àgbàlagbà? Ní gbangba?"

"Àwọn fúnra wọn ló ní kí n nà án, Mà."

"Ó wá fun ún dáadáa?"

"Dáadáa, Mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má dán an wò sí èmi."

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, wọ́n pe èmi, Madame àti Bàbá sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ àṣà. Ọ̀gá ibẹ̀ ṣí ìwé mẹ́ta sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mo rán ènìyàn mẹ́ta kí wọ́n lọ wò bóyá ẹgbẹ́ yín ní olùdarí. Ẹni kìíní kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni kejì kọ ọ́ pé rárá. Ẹni kẹta kọ ọ́ pé olùdarí wà, pé bàbá tó ń fun ìwo ni."

Madame bo ẹnu. Bàbá ń wo òrùlé.

Ọ̀gá náà wá sọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ohun èlò yóò wà lọ́wọ́ wa títí òjò yóò fi tán. Orúkọ mi ni wọn yóò kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí, ṣùgbọ́n àlejò ni mí, ẹnìkan tó ti pẹ́ ní ìlú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ mí. Bàbá Gàníyù ti mú báírò kí wọ́n tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi tán. Wọ́n ń bọ̀ wá wò wá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo béèrè ọjọ́ wo ni.

Ó ní, "Kò sí ọjọ́ nínú ìwé. A ò ní kọ̀wé, a ò ní pè. Nígbà ìdánrawò la máa wọlé, a óò dúró sẹ́yìn. Bí a bá bá olùdarí níbẹ̀, a óò jáde lọ. Bí a kò bá bá a, a óò kó gbogbo ohun èlò lọ lọ́jọ́ náà, bàbá tó fọwọ́ síwèé yìí ni a óò sì ránṣẹ́ pè kó wá ṣàlàyé."